Ẹyọ Kan Péré: Ibi Tí Sìgá Máa Ń Gbà Padà Wọlé

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Kì í ṣe pé kí ló mú kí sìgá ṣòro láti fi sílẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ṣòro. Ẹni tó ti fi í sílẹ̀ ná ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tètè yé mi. Ó ti la ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá. Ìbínú òjijì ti lọ, oorun ti padà, òórùn ti kúrò lára aṣọ, ìyàwó ti ń fi í yangàn lójú àwọn àna. Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti padà sí páàkì kan lóòjọ́. Kí ló wá dá a padà, nígbà tó jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mélòó kan tó dáwọ́ dúró ni nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, ti kúrò lára rẹ̀?

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni à ń kó gbogbo agbára wa lé lórí: ẹ̀jẹ́ ní àìsùn ìparí ọdún, páàkì tí a jù sínú ṣáláńgá, ọ̀rọ̀ ńláńlá níwájú àwọn ọ̀rẹ́. A kì í ṣètò ohunkóhun de ẹyọ sìgá kan ṣoṣo tó ń bọ̀ ní oṣù kẹta. Ẹyọ kan yẹn ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ti kà á. Nínú ènìyàn 100 tó bá dáwọ́ dúró láìlo oògùn, láìní olùrànlọ́wọ́, nǹkan bí 3 sí 5 ni kò ní tíì padà sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bí oògùn bá wà ńkọ́? Ní 2016, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń mu sìgá tó lé ní 8,000 ní orílẹ̀-èdè 16. Nínú àwọn tó lo varenicline, èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú àwọn oògùn tí wọ́n fi wéra, 22 nínú 100 ni kò fẹnu kan sìgá láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú, wọn ò ju 9 tàbí 10 lọ. Oògùn ṣiṣẹ́, kò sí àní-àní. Síbẹ̀ 78 nínú 100 ni kò lè dúró pẹ̀lú oògùn tó dára jù lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń pe ẹni tó padà sí sìgá ní aláìlákòóso, kó wo iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

## Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní kúkúrú

Mo fẹ́ yára kọjá níbí. Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá símú, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ni nikotíìnì ti dé ọpọlọ. Láàárín wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ẹni tó ń mu ún fi máa ń yun ún káàkiri ọjọ́. Bó bá dáwọ́ dúró, wákàtí díẹ̀ ni ara fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé: inú fùfù, ara tí kò balẹ̀, ọkàn tí kò pọ̀ sójú kan, ebi, àìróorunsùn, ìbànújẹ́ tí kò nídìí. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti rọlẹ̀, àfi ebi tó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyánhànhàn kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, bó ti wù kó gbóná tó.

Ohun méjì wà tí wọn kì í kìlọ̀ fún ènìyàn. Ikọ́ lè pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, torí irun wẹ́wẹ́ tó wà nínú ọ̀nà ọ̀fun tí èéfín ti pa lẹ́nu mọ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ìgbẹ́ náà lè ṣòro láti yà, torí nikotíìnì wà lára ohun tó ń ti ìfun síwájú tẹ́lẹ̀. Omi, ẹ̀fọ́, èso àti ìrìn ẹsẹ̀ ló ń tọ́jú ìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé fífi sìgá sílẹ̀ ló ń pa òun.

Ọpọlọ ẹni tó ń mu sìgá ti hu ojú ibi tí nikotíìnì ń lẹ̀ mọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí iye wọn tó padà sí bó ṣe yẹ. Ìyẹn ń lọ. Ohun tí kì í lọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ọpọlọ ti kọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹyọ 20 lóòjọ́, bíi fífà 10 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó di 200 lóòjọ́, 73,000 lọ́dún kan. Kò sí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ń ṣe ohun kan léraléra tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo fífà yẹn ló so mọ́ nǹkan: àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìgò bíà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ìpè fóònù, ìjà ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè jí ìyánhànhàn lẹ́yìn oṣù púpọ̀.

## Ẹ wo oṣù Ràmádàánì

Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn pé ara nìkan ló ń pe sìgá, kó wo àwọn Mùsùlùmí tó ń mu ún nígbà ààwẹ̀. Láti sààrì títí di ìṣínu, wákàtí 13 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ nílẹ̀ wa, fún ọjọ́ 29 tàbí 30, wọn kì í fẹnu kàn án. Ẹni tí kì í lè la wákàtí méjì kọjá lóṣù tó kọjá ń ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó le fún un, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é, torí kò sí ìdúnàádúrà nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbàrà tí wọ́n bá pe ìrun Màgàríbà, tó jẹ dàbínù, tó mu omi, ọwọ́ ti wọ àpò. Ara tó gbé ààwẹ̀ ní agogo 11 àárọ̀ náà ni. Ohun tó yí padà ni pé àyè ti ṣí sílẹ̀.

(Bí mo bá jẹ́ dókítà, oṣù yẹn ni ǹ bá máa rọ àwọn aláìsàn mi pé kí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Wọ́n ti la èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìṣínu títí di àkókò oorun ló kù tí wọ́n ní láti ṣètò fún.)

## Alẹ́ Sátidé kan, ní oṣù kẹta

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìṣẹ́jú mélòó kan náà fínnífínní. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan níbi òkú àgbà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti mu sìgá kẹ́yìn. Ó ti mu ìgò bíà kan, ó ń mu ìkejì. Ọtí ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ fún un: ó ń tú ìdè ìpinnu, ó sì wà lára ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ mọ́ sìgá fún ọdún púpọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde lọ fa tiwọn. Ó tẹ̀ lé wọn nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́wọ́ tó dùn.

Ìsọ̀ àbókí wà ní òdìkejì títì. Páàkì tí wọ́n ti já wà lórí pákó, láítà tí wọ́n fi okùn so kọ́ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, TomTom wà nínú ike. Ẹ ò rí i pé gbogbo iṣẹ́ náà ti pé síbẹ̀: ra ẹyọ kan, tan án lójú ẹsẹ̀, fi súìtì pa òórùn rẹ̀. Òfin ìdarí tábà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 kò fàyè gba títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Páàkì kò gbọdọ̀ dín ní ẹyọ 20, wọn kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin náà wà nínú ìwé. Láítà náà wà lórí okùn.

Mo gbà pé títa ẹyọ kọ̀ọ̀kan yìí burú fún ẹni tó ti dáwọ́ dúró ju bó ti burú fún ẹni tó ń mu ún lọ. Bó bá jẹ́ pé páàkì odidi ni ọkùnrin yìí gbọ́dọ̀ rà, á kọ́kọ́ ronú lórí owó rẹ̀. Á bi ara rẹ̀ pé níbo lòun ó kó 19 tó kù pamọ́ sí. Á rántí ìyàwó rẹ̀ kó tó dé ibi ọkọ̀. Ìrònú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn á gba ìṣẹ́jú tí ìyánhànhàn ń gbà kó tó kọjá. Ẹyọ kan kò béèrè ìrònú kankan, kì í sì fi ẹ̀rí sílẹ̀.

Ó fà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ yí gan-an nìyí, kì í sì í rí bí ènìyàn ṣe rò. Kò dùn. Ara ti gbàgbé rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà òòyì kọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ korò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, “Wò ó, kò tilẹ̀ mú mi mọ́. Mo ti bọ́.” Lọ́jọ́ kejì kò mu ún, lọ́jọ́ kẹta kò mu ún, èyí sì di ẹ̀rí lójú rẹ̀ pé òtítọ́ lòun sọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mu méjì, torí ó ti mọ̀ pé òun lè mu ún kóun sì fi í sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ tó máa ra páàkì, ó lè jẹ́ pé ohun tó máa sọ ni pé òun ò fẹ́ máa jáde lóru mọ́. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará ilé á rò pé ó padà. Ó ti padà láti alẹ́ tí òòyì kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn wà tí tirẹ̀ yàtọ̀. Òun kò sọ pé òun ti bọ́. Ìtìjú ló bò ó mọ́lẹ̀: “Mo ti bà á jẹ́ ná, kí n kúkú máa mu ún lọ.” Ọ̀kan fọ́nnu, ọ̀kan sọ̀rètí nù, ìsọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì padà sí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ni láti fi sìgá sílẹ̀ ní Britain fi fi òfin kan ṣáájú: kò gbọdọ̀ sí fífà kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjọ́ tí o dá. Kì í ṣe pé fífà kan fúnra rẹ̀ ni yóò pa ènìyàn. Ìdúnàádúrà tó ń tú sílẹ̀ ni wọ́n ń sá fún.

## Kí ọjọ́ tó pé

Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn kí wọ́n máa dín in kù. Láti 20 sí 15, sí 10, sí 5. Ìwádìí kan ní England, tó jáde ní 2016, pín àwọn tó ń mu sìgá sí ọ̀nà méjì: àwọn kan dín in kù fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, àwọn yòókù dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 49 nínú 100 àwọn tó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀ ló ṣì dúró, 39 nínú àwọn tó dín in kù. Ó bá ohun tí ojú ń rí mu. Bí ẹyọ ṣe ń dín kù ni èyí tó ṣẹ́ kù ń níye lórí sí i, ẹni náà á sì máa fà á jìn sínú kó lè rí iye nikotíìnì tó ti mọ́ ọn lára.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ dá ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó di ọjọ́ náà, kó mú ìwé pélébé kan tó lè wọ inú páàkì, kó kọ gbogbo ẹyọ tó bá mu fún ọjọ́ mẹ́ta: aago mélòó, níbo, pẹ̀lú ta ni. Ohun tó máa rí ni pé 20 yẹn kì í ṣe 20. Ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń tún ara wọn ṣe. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí bíà bá wà nínú ìwé náà, kó fi bíà sílẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kó dìde kúrò nídìí àwo lójú ẹsẹ̀, kó lọ fọ ẹnu. Bí wọ́n bá na sìgá sí i, “Mi ò mu mọ́” ni kó sọ. “Mo ń gbìyànjú láti fi í sílẹ̀” ń fún ọ̀rẹ́ láyè láti rọ̀ ọ́.

Kó sì ka gbogbo ohun tí tábà wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ti fi sìgá sílẹ̀, wọ́n ń fa shisha lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn kan ń wé igbó mọ́ tábà, wọ́n ní igbó ni àwọn ń fà. Àwọn àgbà kan yà sídìí aáṣáà. Nikotíìnì kò mọ orúkọ tí a pè é.

## Bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣì í lò

Ìbéèrè kan wà tó ń sọ bí bárakú náà ti jinlẹ̀ tó: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó tó jí ló ń mu ẹyọ àkọ́kọ́? Bí kò bá tó ìṣẹ́jú 30, ó jinlẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì (oògùn tó ń fún ara ní nikotíìnì láìsí èéfín) mílígíráàmù 4 ló yẹ ẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mílígíráàmù 2.

Ṣingọ́ọ̀mù yìí ni wọ́n ń ṣì lò jù. Wọ́n á máa jẹ ẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé. Itọ́ á gbé nikotíìnì lọ sínú ikùn, òsúkè á dé, àyà á máa ta, èébì á máa gbé wọn, ìyánhànhàn á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Awọ ẹnu ló yẹ kó gbà á. Kó rọra jẹ ẹ́ títí á fi máa ta ẹnu, kó wá fi í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, kó má jẹ ẹ́ mọ́. Bí títa náà bá lọ, kó tún jẹ ẹ́ díẹ̀, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹyọ kan á lò tó bí ìṣẹ́jú 30. Kó má mu kọ́fí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí omi ọsàn láti ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, torí ohun kíkan kì í jẹ́ kí awọ ẹnu gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹyọ kan láàárín wákàtí kan sí méjì ni, kó má kọjá 24 lóòjọ́. Ẹni tó bá ń jẹ mẹ́ta lóòjọ́ ń fowó ṣòfò.

Patch, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, kì í tètè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró. Ẹni tó ń mu ju ẹyọ 10 lọ lóòjọ́ á lo mílígíráàmù 21 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 14 fún ọ̀sẹ̀ méjì, 7 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àárọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó mọ́, tó gbẹ, tí kò nírun, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà máa yún wọn. Bí àlá bá pọ̀ jù, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó sùn. Patch pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù pọ̀ sàn ju ọ̀kan ṣoṣo lọ: ọ̀kan fún gbogbo ọjọ́, ìkejì fún ìṣẹ́jú tí ìyánhànhàn bá dé. Alẹ́ Sátidé yẹn gan-an ni ìkejì wúlò fún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú nikotíìnì oníwòsàn yìí sínú àkójọ oògùn tí kò ṣeé má nìí ní 2009, ó sì fi varenicline àti bupropion, hóró mìíràn tí kò ní nikotíìnì nínú, kún un ní 2021. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí fún ènìyàn, ẹni tó ní wárápá kò sì gbọdọ̀ lo bupropion rárá. Varenicline máa ń ru èébì; kí wọ́n fi oúnjẹ àti ife omi kan lò ó. Ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìdáwọ́dúró tó pé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sì ń lò ó. Lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe gbogbo kẹ́mísì ló ní wọn, wọ́n sì wọ́n. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní England ní àǹfààní púpọ̀ jù: iṣẹ́ ìrànwọ́ ìjọba wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, cytisine náà sì ti wà níbẹ̀ láti 2024, hóró tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 25 péré.

## Obì tó ń jẹ́jọ́ sìgá

Ọ̀kan wà tó kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Bí sìgá bá ti lọ, ẹnu á máa wá nǹkan ṣe, obì ló sì wà nítòsí. Kaféènì wà nínú obì, bó ti wà nínú kọ́fí. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ kaféènì dànù. Bí èéfín bá ti dáwọ́ dúró, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ̀dọ̀ á padà sí ìrìn jẹ́jẹ́, iye obì tàbí kọ́fí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ á wá máa pọ̀ tó ìlọ́po méjì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa já, oorun á sá. Ó máa rò pé sìgá ló ń pe òun. Obì ni. Kó dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, títí kan àwọn ọtí amáragbéra inú agolo. Irú nǹkan báyìí kan àwọn oògùn kan náà, bíi clozapine àti olanzapine (fún àìsàn ọpọlọ) àti theophylline (fún ikọ́ fée). Ẹni tó ń lò wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó dáwọ́ sìgá dúró, torí wọ́n lè ní láti dín ìwọ̀n oògùn náà kù.

## Bí ẹyọ náà bá ti bọ́ sẹ́nu

Kó kúrò níbẹ̀. Kó má ra ìkejì “láti fi ṣe ìdágbére.” Bí patch bá wà lára rẹ̀, kó má yọ ọ́; ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn, wọ́n á jù ú nù nítorí ìtìjú, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Kó padà sínú ìwé pélébé yẹn, kó wo èyí tó ṣẹ̀ nínú àwọn ibi tó kọ, kó fi tuntun kún un bó bá jẹ́ tuntun. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní Ontario, Canada, ní 2016, sọ pé ó lè tó ìgbà 30 tí ènìyàn á gbìyànjú kó tó bọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò pẹ́ jù: ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí àwọn dókítà Britain, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2004, fi hàn pé ẹni tó dáwọ́ dúró ní ẹni 30 ọdún jèrè bí ọdún 10 sí i láyé, ẹni 40 jèrè 9, ẹni 50 jèrè 6, ẹni 60 pàápàá jèrè 3.

Ìṣòro tó kù, àṣà wa ló dá a sílẹ̀. Ìwádìí ìjọba ní 2012 rí i pé ọkùnrin 10 nínú 100 ló ń lo tábà ní Nàìjíríà, obìnrin kan péré nínú 100. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n, ojú tó sì burú là fi ń wò wọ́n. Ọmọ kì í mu sìgá níwájú bàbá rẹ̀. Obìnrin tó ń mu ún kì í jẹ́ kí àbúrò òun pàápàá mọ̀. Wọ́n mu ún ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì padà sí i ní ìkọ̀kọ̀, láìsí ẹni tó máa béèrè ohunkóhun ní alẹ́ Sátidé. Ẹnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹni tí kì í pariwo, tí nọ́ńbà rẹ̀ á wà lórí fóònù. Kó má máa bi í pé ṣé ó ti mu lónìí, torí irọ́ ni ìbéèrè yẹn ń bí. Kó máa bi í ní Fráìdé pé ibo ló ń lọ lọ́la, ta ni wọ́n jọ ń lọ, ṣé ṣingọ́ọ̀mù sì wà nínú àpò aṣọ tó fẹ́ wọ̀.